Kí ìwé èsì sọ ohun tí ọmọ mọ̀: bí a ṣe ń fi máàkì tó so mọ́ ètò ẹ̀kọ́ ròyìn ìtẹ̀síwájú akẹ́kọ̀ọ́

Ọmọ méjì ṣe ìdánwò ìṣirò kan náà. Máàkì 40 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba 24. Ìwé èsì àwọn méjèèjì gbé 60 nínú 100 jáde, olùkọ́ wọn sì kọ "Ó gbìyànjú" sí abẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí a bá tú ìdánwò yẹn palẹ̀, a ó rí i pé ọmọ àkọ́kọ́ mọ apá kan iṣẹ́ náà ní àmọ̀dunjú, kò sì mọ apá kejì rárá. Ìkejì gba máàkì díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo. Ìrànlọ́wọ́ tí ọ̀kan nílò yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì, ṣùgbọ́n òbí tó gba ìwé náà kò lè mọ̀, olùkọ́ tí yóò gbà wọ́n ní kíláàsì tó ń bọ̀ náà kò sì lè mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbé yẹ̀ wò nìyí: kí gbogbo máàkì tí a bá kọ sílẹ̀ so mọ́ ohun kan pàtó tí ètò ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ mọ̀, kí ìwé èsì sì sọ ohun náà jáde. Iṣẹ́ yìí kò le bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ jókòó láti kọ ìwé èsì ti pẹ́ jù. Kí ẹ tó ṣe ìdánwò rárá ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú ètò ẹ̀kọ́ sí ohun tí ojú lè rí

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ tó fẹ̀. Ó lè ní "kí akẹ́kọ̀ọ́ ní òye ìdá." Ojú kì í rí òye. Ẹ bi ara yín pé: bí ọmọ bá ní òye yìí, kí ni yóò ṣe níwájú mi tí màá fi mọ̀ pé ó ti ní in? Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì náà, màá tú ìdá sí márùn-ún:

1. Ó lè fi ìdá hàn lára àwòrán tí a pín sí ọgbọọgba.
2. Ó lè sọ àwọn ìdá tó dọ́gba, bíi 1/2 àti 2/4.
3. Ó lè to ìdá láti kékeré sí ńlá.
4. Ó lè ro ìdá pọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà.
5. Ó lè ro ìdá pọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn bá yàtọ̀.

Àfojúsùn ni mo ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Márùn-ún sí mẹ́fà tó fún orí ẹ̀kọ́ kan. Mo ti rí àtẹ tó ní àfojúsùn 40 fún sáà kan ṣoṣo. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ fi ojú sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí ètò ẹ̀kọ́ lò. "Dárúkọ", "ṣàlàyé", "fi wéra" àti "ṣe" kì í ṣe nǹkan kan náà. Ní 1956 ni Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé wọn jáde, níbi tí wọ́n ti pín iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà, láti orí mímọ nǹkan sórí títí dé orí ṣíṣe ìdájọ́ lórí iṣẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ há mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé bí ètò ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń di òjò, tí ìdánwò yín sì ní kó mú ìdáhùn kan láàárín A sí D, máàkì tí ẹ rí kì í ṣe ẹ̀rí pé ó lè ṣàlàyé. Ẹ̀rí pé ó lè dá ìdáhùn mọ̀ ni. Ẹ má kọ ọ́ sí ìwé èsì pé ó lè ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán ìdánwò kí ẹ tó kọ ìbéèrè

Ẹ fa àtẹ kékeré kan. Ẹ kọ àwọn àfojúsùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìbéèrè tó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò sí ọ̀tún. Fún ìdá tí a tú sí márùn-ún lókè yìí, ìbéèrè mẹ́rin fún àfojúsùn kọ̀ọ̀kan, máàkì 2 fún ìbéèrè kan, á fún yín ní ìbéèrè 20 àti máàkì 40.

Kí ló dé tí ìbéèrè kan ṣoṣo kò fi tó? Nínú ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan lè ṣèṣì mú èyí tó tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ó tó lè ṣèṣì gba mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 64 ni. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa pẹ̀lú lè ṣi ìbéèrè kan kà. Bí ìbéèrè bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀rí yín á fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ fi àmì kejì sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ṣé ṣókí ni (1/4 + 2/4 = ?), àbí onítàn ni, tí ọmọ ní láti ka gbólóhùn méjì mẹ́ta kó tó mọ ohun tí a ń béèrè? Nínú ìbéèrè mẹ́rin fún àfojúsùn kan, ẹ jẹ́ kí méjì jẹ́ ṣókí, kí méjì jẹ́ onítàn. Ó lè dà bí iṣẹ́ àṣekún, àmọ́ láìpẹ́ ẹ ó rí ohun tó máa fi hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ máàkì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ìlà kan fún ọmọ kan, òpó kan fún àfojúsùn kan. Excel tàbí Google Sheets á bá yín ro àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìwé àti rúlà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ọmọ méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Akẹ́kọ̀ọ́ A: 8, 8, 6, 2, 0. Àpapọ̀ 24.
Akẹ́kọ̀ọ́ B: 5, 5, 5, 5, 4. Àpapọ̀ 24.

Ẹ ti rí i báyìí pé àpapọ̀ ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún òdo. Ọmọ tó wá ṣùgbọ́n tí kò rí nǹkan kan kọ gba òdo. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá tí kò sì wá kò gba òdo. Ńṣe ni ẹ̀rí kò sí. Bí ọmọ bá gba 8, 8 àti 8 nínú àyẹ̀wò mẹ́ta, tí ẹ sì kọ òdo sí ìkẹrin tí kò wá ṣe, àárín máàkì rẹ̀ á já sí 6, òbí á sì rò pé ọmọ òun ń rẹ̀yìn. Ẹ kọ "KW" tàbí àmì mìíràn tó fi hàn pé kò wá, kí ẹ sì wá àyè fún un láti ṣe é nígbà mìíràn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn pẹ̀lú máàkì náà, ẹ pe olùkọ́ mìíràn kan. Ẹ mú ìwé ìdáhùn márùn-ún, kí ẹ̀yin méjèèjì máàkì wọn lọ́tọ̀ láìrí ti ara yín. Bí máàkì yín lórí àfojúsùn kan bá ń fi ju 1 lọ yàtọ̀ nínú 8, ìlànà máàkì yín kò ṣe kedere, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Níbi àròkọ àti àlàyé ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó kà á láti òsì sí ọ̀tún

Ojú wa máa ń sáré lọ sórí orúkọ ọmọ. Ẹ dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ wo òpó kọ̀ọ̀kan. Bí 22 nínú ọmọ 30 bá gba 3 sí ìsàlẹ̀ nínú àfojúsùn karùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ọmọ kan. Ó lè jẹ́ pé a kò kọ́ ọ tó, ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè kò yé wọn. Bí àwọn tó mọ̀wé jù bá kùnà ìbéèrè kan tí àwọn tó kù sì gbà á, ẹ lọ wo ìwé ìdáhùn yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà síbẹ̀. Ìbéèrè tó bàjẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò fún gbogbo kíláàsì. Iṣẹ́ tí a kò kọ́ dáadáa, a máa ń tún un kọ́ ni. Kì í ṣe ohun tí a ń kọ sí ìwé èsì ọmọ 22 bí ẹni pé àìlera wọn ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ka ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín máàkì sí mẹ́ta. Èmi máa ń lo 7 sí 8 fún "ó ti mọ̀ ọ́n", 4 sí 6 fún "ó ń mọ̀ ọ́n bọ̀", 0 sí 3 fún "kò tíì mọ̀ ọ́n". Ẹ lè yan ààlà mìíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ yàn án kí ẹ tó rí máàkì, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ọmọ.

Nọ́ńbà máa ń sọ ibi tí ìṣòro wà fún wa. Ìwé ìdáhùn ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ irú ìṣòro tó jẹ́. Ẹ ṣí ti akẹ́kọ̀ọ́ A. Ó kọ pé 1/4 + 2/4 = 3/8. Ó kọ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló pa á lára ní àfojúsùn méjì: ó ń ro nọ́ńbà òkè mọ́ ti òkè, ó sì ń ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Kò ṣe ọ̀lẹ. Ó ní òfin kan lọ́kàn tó ń tẹ̀ lé láìyẹ̀, òfin náà ni kò tọ̀nà.

Ẹ wá ṣí ti akẹ́kọ̀ọ́ B, kí ẹ sì lo àmì kejì tí a fi sí ìbéèrè. Nínú gbogbo ìbéèrè ṣókí, ó gba 4 nínú 4 ní àfojúsùn kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn onítàn, 1 nínú 4 ló gbà ní ibi mẹ́rin, òdo sì ni ní ìkarùn-ún. Ọmọ yìí mọ ìdá. Kíkà ló ń dá a dúró. Bí a kò bá ya ṣókí sọ́tọ̀ sí onítàn, à bá fi í sínú ẹgbẹ́ àtúnkọ́ ìdá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò sì ní ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun tó nílò. Nǹkan yìí máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rántí iye ọmọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya ibi tí ọmọ dé sọ́tọ̀ sí ìrìn tí ó rìn

Ibi tí ọmọ dé jẹ́ ohun kan, ìtẹ̀síwájú jẹ́ òmíràn. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sáà pẹ̀lú àfojúsùn kan tó mọ̀ nínú márùn-ún, tó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta, ti rìn jìnnà. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin tó sì parí pẹ̀lú mẹ́rin wà ní iwájú rẹ̀, àmọ́ kò kúrò lójú kan. Ìwé èsì gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì, kó má ṣe dà wọ́n pọ̀. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ẹ nílò àyẹ̀wò kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Láìsí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè wọn ìrìn.

Àárín máàkì kò ṣeé fọkàn tán níbí. Ọmọ tó gba 2, 4, 7 àti 9 nínú 10 ní àárín 5.5. Ọmọ tó gba 9, 7, 4 àti 2 náà ní 5.5. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń rì. Ẹ jẹ́ kí ìwé èsì sọ ohun tí ẹ̀rí àìpẹ́ yìí fi hàn, kí ẹ sì sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà, 55 nínú ìdánwò àkọ́kọ́ àti 65 nínú ìkejì lè túmọ̀ sí pé ọmọ tẹ̀ síwájú. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé ìdánwò kejì rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni pé kí ẹ gbé ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún láti inú ti àkọ́kọ́ wọ inú ìkejì, kí ẹ yí nọ́ńbà inú wọn padà, kí ẹ sì fi ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wéra.

Kò sí ìdánwò tí kì í mì. Bí ọmọ kan náà bá ṣe irú ìdánwò kan lónìí àti lọ́la láìkọ́ nǹkan tuntun, máàkì rẹ̀ á gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò kan wà fún un: ìdánwò tí ìtànká máàkì rẹ̀ (bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí àárín tó) jẹ́ 10, tí ìwọ̀n ìdúróṣinṣin rẹ̀ (bó ṣe ṣeé gbára lé tó, láti 0 dé 1) sì jẹ́ 0.91, á máa mì ní ìwọ̀n máàkì 3 sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Ìdánwò tí a fọwọ́ ara wa kọ ní kíláàsì sábà máa ń mì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má kọ "ó ti tẹ̀ síwájú" nítorí pé ọmọ kúrò ní 62 bọ́ sí 64. Bákan náà ni ìṣirò nínú 100 ṣe ń tan ni jẹ nínú kíláàsì kékeré: níbi tí ọmọ jẹ́ 8, ọmọ kan ṣoṣo jẹ́ 12.5 nínú 100. Ẹ kọ iye ọmọ gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá òbí sọ̀rọ̀

Ní 1988, Ruth Butler, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú èsì tí a ń fún ọmọ. Àwọn tí a fún ní àlàyé lórí iṣẹ́ wọn tẹ̀ síwájú. Àwọn tí a fún ní máàkì nìkan kò tẹ̀ síwájú. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tí a fún ní máàkì àti àlàyé papọ̀ ṣe bí àwọn tí a fún ní máàkì nìkan. Nọ́ńbà ló gba ojú wọn, àlàyé kò rí àyè wọlé. Ilẹ̀ England náà yọ àwọn ìpele tí wọ́n fi ń ṣàmì sí àwọn ọmọ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn ní 2014. Ọ̀kan lára ẹjọ́ tí wọ́n rò mọ́ ọn ni pé olùkọ́ àti òbí ń lé nọ́ńbà ìpele, wọ́n sì ń gbàgbé ohun tí ọmọ lè ṣe.

Bí òfin tàbí iléèwé yín bá ní kí ẹ kọ máàkì, ẹ kọ ọ́. Àmọ́ ẹ fi àlàyé ṣáájú, kí máàkì wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ padà fún ọmọ ní kíláàsì, ẹ fún un ní àlàyé lónìí, kó ṣe àtúnṣe, kí ó tó rí máàkì ní ọ̀la.

Gbólóhùn márùn-ún tó: ohun tó ti mọ̀, ohun tó ń mọ̀ bọ̀, ibi tó há sí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan láti ọwọ́ ọmọ náà, ohun tí a ó ṣe, àti ohun tí òbí lè ṣe nílé. Èyí ni mo máa kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ A:

"Ọmọ yín lè fi ìdá hàn lára àwòrán, ó sì mọ̀ pé 1/2 àti 2/4 dọ́gba, kò nílò ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀ mọ́. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń to ìdá láti kékeré sí ńlá, ó sì kù díẹ̀ kó mọ̀ ọ́n tán. Kò tíì lè ro ìdá pọ̀: ó kọ pé 1/4 + 2/4 jẹ́ 3/8, nítorí ó ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ 3/4 ni ìdáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń bọ̀, a ó fi àwòrán kọ́ ọ pé ìwọ̀n ègé kì í yí padà nígbà tí a bá ń ro wọ́n pọ̀. Nílé, ẹ lè bá a ká bébà kan sí ọgbọọgba mẹ́rin, kí ó kun ègé kan, kí ó tún kun méjì sí i, kí ó sì sọ fún yín iye tó ti kùn nínú mẹ́rin."

Ẹ fi èyí wé "Ó gbìyànjú." Òbí tó ka ti òkè yìí mọ ohun tó lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má fi ìwà ọmọ kún máàkì ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń pẹ́ dé tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àyè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ìwé èsì. Bí ẹ bá yọ máàkì 5 nítorí ariwo, nọ́ńbà yẹn kò sọ òótọ́ nípa ìṣirò mọ́. Ẹ má sì fi ọmọ kan wé ọmọ mìíràn tí a lè dá mọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣe kíláàsì náà kọjá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹni kọ̀ọ̀kan àti ohun tó yẹ kó gbà

Òbí gba gbólóhùn márùn-ún náà. Ọ̀gá iléèwé gba òpó: iye ọmọ tó ti mọ àfojúsùn kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ẹ fẹ́ tún kọ́. Olùkọ́ kíláàsì tó ń bọ̀ gba àtẹ náà lódindi, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe bíi ti A àti B. Ọmọ fúnra rẹ̀ gba ohun kan ṣoṣo tó kàn, ní ọ̀rọ̀ tó yé e, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ kí òbí rẹ̀ tó gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ṣèlérí nínú ìwé èsì, ẹ fún ọmọ ní ìbéèrè mẹ́rin lórí ibi tó há sí, kí ẹ kọ máàkì àti déètì sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ nínú àtẹ, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sílé: "3/4 ló kọ lónìí."